Bí Mo Ṣe Gba Ìsàlẹ̀ Òkun Lọ Wo Àwọn Ọmọ Ìyá Mi Mẹ́ta

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fi àga sún mọ́ ibí. Ẹni tí ó ń wúkọ́, kí ó wú u tán; ẹni tí òkèlè wà lẹ́nu rẹ̀, kí ó gbé e mì; nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lọ́sàn-án yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi ẹ̀gbẹ́ etí gbọ́. Èmi ni Ọdẹ́yalé ọmọ Ògúnṣíjì, ará Òkè-Ìsín. Bí ẹnikẹ́ni bá wà níbí tí kò mọ̀ mí, kí ó lọ bi ẹfọ̀n inú igbó léèrè. Ẹfọ̀n tí ó gbọ́ orúkọ mi tí kò fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ẹfọ̀n náà ti di ẹran ọbẹ̀. Lónìí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo bá gbé ife omi, ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí kan náà ni mo fi di irùngbọ̀n iwin mú tí iwin ń bẹ̀ mí.

Síbẹ̀, bí ẹ bá bi mí pé kí ni ohun tí ó ya èmi Ọdẹ́yalé lẹ́nu jù láyé, n kò níí dárúkọ iwin kankan. Ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ni ó yà mí lẹ́nu jù: ohun tí ènìyàn lè fi ojú ènìyàn rí, àti bí ẹni tí ojú rẹ̀ rí i ṣe tún ń dìde láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ọmọ mẹ́rin ni ìyá wa bí. Ògúndìran alágbẹ̀dẹ ni àkọ́bí. Èmi ni mo tẹ̀lé e. Ẹfúntádé, arábìnrin wa kan ṣoṣo, ni ó tẹ̀lé mi. Dàda sì ni àbíkẹ́yìn, ọmọ tí ó mú irun dídì wá láti ọ̀run. Nígbà tí ogun wọ Òkè-Ìsín, inú igbó ni mo wà, mo ń tọ ipasẹ̀ ẹtu. Ọjọ́ kẹta tí mo padà, eérú ni mo bá. Àwọn ológun ti kó ẹ̀gbọ́n mi àti àbúrò mi méjèèjì lọ, wọ́n sì ti tà wọ́n fún àwọn tí ń kó ènìyàn sínú ọkọ̀ ojú omi. Ìyá wa nìkan ni ó ṣẹ́kù. Inú kòtò tí à ń po amọ̀ ni ó sá pamọ́ sí, amọ̀ sì gbẹ mọ́ ọn lára bí ẹni pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i ni.

Ọdún mọ́kànlá kọjá. Àwọn ará ilé a máa tù ú nínú pé, "Ìyá, ẹ mú un mọ́ra. Ẹrú ni wọ́n níbi tí wọ́n wà, ṣùgbọ́n wọ́n lè wà láàyè." Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ìyá wa gbé igbá ẹ̀kọ ọwọ́ rẹ̀ sọ mọ́ ògiri, ó ní:

"Ẹrú, ẹrú, ẹrú! Ọ̀rọ̀ kan yẹn ni ẹ fi ń bọ́ mi láti ọjọ́ yìí. Ọmọ mẹ́ta ni mo ń wá, orúkọ kan ni ẹ ń fún mi! Ògúndìran kì í lè sùn bí kò bá ṣan ẹsẹ̀. Ẹfúntádé kì í jẹ oúnjẹ tí ẹlòmíràn bá ti fẹnu kàn. Dàda a máa sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ta ní ń bu omi ẹsẹ̀ fún Ògúndìran? Kí ni Ẹfúntádé ń jẹ? Ta ní ń gbọ́ ohun tí Dàda ń sọ? Ọdẹ́yalé, ìwọ tí ò ń pariwo káàkiri pé kò sí igbó tí o kò lè wọ̀, lọ wò wọ́n fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí o kò bá tíì dé, n kò níí kú."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu mi ni ó kó bá mi. Mo gbé ìbọn ṣakabùlà kọ́ èjìká, mo di àádùn sínú àpò, mo kọjá sínú Igbó Àìdákẹ́.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Gbogbo igbe tí ìyá ké lẹ́yìn ọmọ tí ogun kó lọ, gbogbo orúkọ tí ọkọ pe aya rẹ̀ tí aya kò dáhùn, inú igbó náà ni wọ́n wọ̀ sí. Wọ́n so rọ̀ lórí igi bí àdán. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, wọn a máa pè. Mo ń rìn lọ, mo ń gbọ́, "Ìwọ́lá o!" "Ọmọ mi o!" Nígbà tí mo dé ìdí igi arère kan, ohùn ìyá tèmi gan-an ni mo gbọ́ lórí ẹ̀ka: "Dàda o! Dàda o!" Ohùn ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni, kò gbó, kò ṣá. Èmi tí n kò sunkún nígbà tí àmọ̀tẹ́kùn fa èjìká mi ya, mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú.

Níbẹ̀ ni iwin tí ó ń ṣọ́ igbó náà ti yọ sí mi. Etí kan ṣoṣo ni ó ní, etí náà sì fẹ̀ bí atẹ tí a fi ń fẹ́ ọkà. Irùngbọ̀n rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀.

Ó ní, "Ta ní ń fi omijé rin ilẹ̀ mi?"

Kí ó tó pa ẹnu dé, mo ti wé irùngbọ̀n rẹ̀ mọ́ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta. A jà láti ìyálẹ̀ta títí oòrùn fi yẹ àtàrí. Ó gbé mi lu igi, igi wó. Mo gbé e lu àpáta, àpáta sán. Ìwọ tí ò ń yínmú lẹ́bàá ògiri yẹn, ṣé ìwọ ni o wà níbẹ̀ ni àbí èmi?

Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ọdẹ, fi mí sílẹ̀, n óò fi ọ̀nà hàn ọ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Kí ni a fi okùn kan dì, tí igbe ẹnu rẹ̀ kò jẹ́ ọ̀kan?"

Mo ní, "Ìdì igi ìdáná ni. Okùn kan ni a fi dì í wálé, ṣùgbọ́n bí a bá kó o sínú iná, ọ̀kan a hó, ọ̀kan a súfèé, ọ̀kan kò sì níí sọ nǹkan kan títí yóò fi di eérú."

Iwin mi orí. "O gbìyànjú," ni ó wí. "Bí o bá dé ibi tí ò ń lọ, ìwọ fúnra rẹ yóò mọ̀ pé kì í ṣe igi."

Ó já ewé kan fún mi, ó ní kí n fi í sábẹ́ ahọ́n: n óò lè rìn lábẹ́ omi, n óò gbọ́ gbogbo èdè, kò sì sí alààyè tí yóò rí mi àfi ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tan mọ́ tèmi. Lẹ́yìn náà ó fa ìyẹ́ àkàlà kan yọ nínú irùngbọ̀n rẹ̀. "Èyí ni yóò gbé ọ padà wálé," ni ó wí. "Ó lè gbé ẹnì kan mọ́ ọ."

Mo ní, "Mẹ́ta ni wọ́n."

Ó ní, "Ẹnì kan ni mo wí. Bí ó bá di méjì, ìyẹ́ náà yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú ọ̀run, gbogbo yín yóò sì já sínú òkun." Bí ó ti wí bẹ́ẹ̀ ni ó yí etí rẹ̀ bora bí aṣọ, ó sì sùn lọ.

Mo dé etí òkun, mo sì rìn wọ inú rẹ̀ bí ẹni ń wọ ilé. Ọ̀nà kan wà nísàlẹ̀ òkun, ẹ̀yin ènìyàn mi, ó funfun gbòò, ó sì lọ tààrà sí ìhà ìwọ̀-oòrùn. Mo rò pé iyanrìn ni. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kàn án. Egungun ni. Egungun ẹsẹ̀, egungun ọwọ́, agbárí kéékèèké àti ńláńlá, láti etí ilẹ̀ wa títí dé etí ilẹ̀ wọn, kò sí ibi tí ó já.

Ní àárín ọ̀nà náà ni ìlú àwọn tí kò gúnlẹ̀ wà: àwọn tí wọ́n jù sínú omi, àti àwọn tí wọ́n fúnra wọn bẹ́ sínú omi. Obìnrin aláboyún kan ni ó ń ṣọ́ ẹnubodè, oyún rẹ̀ sì jẹ́ oyún tí kò níí bí láéláé.

Ó ní, "Ta ni o wá wá?"

Mo dárúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó yíjú sínú ìlú, ó pe Ògúndìran, ó pe Ẹfúntádé, ó pe Dàda. Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Ó ní, "Wọn kò sí lọ́dọ̀ wa. Wọ́n gúnlẹ̀."

Ayọ̀ gbé mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí egungun. Obìnrin náà ń wò mí. Nígbà tí ojú tì mí, tí mo dúró, ó ní, "Máa jó, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í kọjá níbí láìgbọ́ orúkọ wa."

Ọjọ́ méje gbáko ni mo fi dúró. Wọ́n tò kọjá níwájú mi. "Ìbíyẹmí ni mí, agbẹ́gilére ni mí." "Òjélàdé ni mí, ọ̀la ọjọ́ tí wọ́n mú mi ni ìgbéyàwó mi." "A kò tíì sọ mí lórúkọ." Ọmọ ọwọ́ ni ẹni tí ó wí èyí, ìyá rẹ̀ ni ó bá a sọ ọ́. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ni wọ́n, etí mi sì gbọ́ gbogbo wọn. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí ó dé iwájú mi tí ó wí pé, "Ẹrú ni mí."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jáde sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ìlú ńlá kan tí ó wà létí òkun. Mo gbọ́ ìró owú alágbẹ̀dẹ. Ọwọ́ ẹni kì í ṣi ẹni mú. Bí bàbá wa ṣe ń lu irin, ẹ̀ẹ̀mejì wúwo, ẹ̀ẹ̀kan fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ ọ. Mo sáré wọ inú àgbẹ̀dẹ náà. Ògúndìran ni! Bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀wù tí kò ya wà lọ́rùn rẹ̀. Lára ògiri ni ó gbé ilẹ̀kùn irin kan tì, tí ó rọ bí ìtàkùn: ewé irin, òdòdó irin, ẹyẹ irin tí ó na ọrùn bí ẹni fẹ́ kọrin. N kò rí irú rẹ̀ rí lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn.

Ó rí mi, owú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọdẹ́yalé! Ṣé o ti kú ni?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi, mo wà láàyè. Ìyá wa ló rán mi." Mo tún wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Wọ́n ní ẹrú ni yín, mo sì bá yín nínú bàtà!"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ó fa okùn ọrùn rẹ̀ yọ, ó fi bàbà pẹlẹbẹ kan hàn mí tí wọ́n kọ nǹkan sí lára. "Èyí ló ń jẹ́ kí n rìn lójú títì. Jẹ́kọ́bù ni wọ́n ń pè mí níbí. Ẹni tí ó ni mí fi mí sílẹ̀ kí n máa ṣiṣẹ́ kiri ìlú, owó iṣẹ́ sì di tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ń tẹ̀lé mi pẹ̀lú pàṣán. Àwọn tí ń bọ̀ láti oko máa ń wò mí bí ọba."

"Ẹ ń gbádùn nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi."

"Sún mọ́ ibí." Ó fà mí lọ sí ẹ̀yìn ẹwìrì. Òkìtì ṣẹkẹṣẹkẹ̀ wà níbẹ̀, ti ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀. Ó ní, "Owú tí mo fi rọ ẹyẹ yẹn ni mo fi rọ ìwọ̀nyí. Wọ́n bẹ̀ mí lọ́wẹ̀ òdòdó lónìí, wọ́n á bẹ̀ mí lọ́wẹ̀ ẹ̀wọ̀n lọ́la. Bí mo bá kọ̀, wọ́n á tà mí sí oko òwú. Mo mọ ìwọ̀n ọrùn-ẹsẹ̀ ọmọdé, Ọdẹ́yalé. Mo mọ̀ ọ́n láìwọ̀n ọ́n."

Lẹ́yìn náà mo bi í léèrè ohun tí ìyá wa ní kí n bi í. Ó na ìka sí agbada tí ó ń ki irin gbígbóná bọ̀. "Inú omi yẹn ni mo ń ṣan ẹsẹ̀. Ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Mo yọ ìyẹ́ àkàlà, mo sọ fún un pé ẹnì kan péré ni ó lè gbé. Ó mú un, ó fi ìka ra á. Ó ní òun ní ìyàwó kan, Hánà, ẹrú ilé ẹlòmíràn ní òdìkejì ìlú, ọjọ́ ìsinmi nìkan ni òun ń rí i. Ọmọ méjì ni Hánà bí fún òun, ẹni tí ó ni Hánà ni ó sì ni àwọn ọmọ náà. Ó ní, "Bí mo bá lọ, ta ni wọn yóò máa retí ní ọjọ́ ìsinmi?" Ó dá ìyẹ́ náà padà fún mi. "Gbé e lọ bá Ẹfúntádé. Ilé funfun ńlá kan lọ́nà àríwá ni ó wà. Sọ fún ìyá pé mo wọ bàtà. Má sọ èyí tó kù."

Mo dé ilé funfun náà. Òpó rẹ̀ tóbi bí igi ìrókò, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán tí mo fi ń rí irun imú mi nínú rẹ̀. Obìnrin kan tí ó wọ aṣọ ṣẹ́dà dúró lẹ́yìn àga ìyá ilé náà, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Aṣọ rẹ̀ mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Mo rò nínú ọkàn mi pé, "Ọ̀kan ṣoríire níkẹyìn." Ẹfúntádé ni. Ó rí mi, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò yẹ̀, abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró. Háà! Mo ti rí ìgalà tí ó dúró bí òkúta níwájú ìbọn, n kò rí irú ìdúró yẹn rí.

Ìgbà tí ó jáde lọ sá aṣọ ní ẹ̀yìnkùlé ni ó tó dì mọ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má pariwo. Bí mo bá sunkún, ojú mi á pọ́n, wọ́n á sì bi mí léèrè ohun tó pọ́n ọn."

Mo ní, "Ìyá ń béèrè ohun tí ò ń jẹ."

"Ohun gbogbo tí wọ́n bá jẹ kù. Ẹran wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Èmi tí n kò jẹ oúnjẹ tí ẹnu kàn, eyín wọn ni mo ń bá lára rẹ̀." Ó fi ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ hàn mí, okùn ti dá àpá yí i ká. "Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ ibùsùn ìyá ilé ni mo ń sùn. Okùn ni ó so mọ́ ọwọ́ mi. Bí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, á fà á. Àwọn ará oko ní ahéré tiwọn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní mo ń jayé. Kò sí wákàtí kan tí ó jẹ́ tèmi, ẹ̀gbọ́n mi, àní ti oorun. Èmi ni mo fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Ọmọ tèmi ń sunkún ní ẹ̀yìnkùlé, ọmú mi ń ṣàn fún ọmọ rẹ̀."

Mo ní, "Ọmọ rẹ?"

Ó súfèé díẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan yọ láàárín àwọn aṣọ tí a sá, ó wò mí tààrà. Ó rí mi, nítorí ẹ̀jẹ̀ wa ni. Ojú ìyá wa ni ó gbé sórí, ẹ̀yin ènìyàn mi! Líìsì ni àwọn ará ilé náà ń pè é, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ń pè é ní Rẹ̀mílẹ́kún sí etí.

Mo yọ ìyẹ́ náà. Bí mo ti sọ ohun tí ó lè ṣe, Ẹfúntádé kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó ní, "Àkọ́bí ọmọbìnrin ìyá ilé ń lọ sílé ọkọ ní ọjọ́ mẹ́sàn-án òní. Wọ́n ti ka Rẹ̀mílẹ́kún mọ́ ẹrù ìyàwó pẹ̀lú àwo àti aṣọ ibùsùn. Ibi tí wọ́n ń gbé e lọ, èmi kò níí fojú kàn án mọ́. Ẹ gbé e, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ gbé e."

Mo na ọwọ́ sí ọmọ náà. Ó tún di ọwọ́ mi mú. Ọ̀rọ̀ náà nira lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni ń pọ ẹ̀gún.

"Ẹ tíì rí Dàda?"

"Rárá."

"Ẹ lọ rí i ná. Oko òwú ni wọ́n ní ó wà, lọ́nà ìwọ̀-oòrùn. Bí ti Dàda bá burú ju ti ọmọ mi lọ…" Ó tú ọwọ́ mi sílẹ̀. "Ẹ lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án."

Mo rìn fún ọjọ́ mẹ́rin kí n tó rí oko òwú. Mo ti la òkun kọjá, ṣùgbọ́n òkun ni mo tún rí: funfun láti ibi tí ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tí ó parí sí. Àwọn ènìyàn bíi ọgọ́rùn-ún tò nínú rẹ̀, wọ́n ń lọ ní ìlà kan, ẹ̀yìn wọn tẹ̀ lọ́gbọọgba, ọwọ́ wọn ń já òwú lọ́gbọọgba, bí ẹni pé ẹranko kan ṣoṣo tí ó ní igba ọwọ́ ni. Ọkùnrin kan lórí ẹṣin ń bọ̀ lẹ́yìn wọn pẹ̀lú pàṣán. Aboyún wà nínú wọn, arúgbó wà nínú wọn. Ẹni tí ó bá nàró láti sinmi ẹ̀yìn, pàṣán á sọ̀rọ̀. Bí oòrùn bá sì fẹ́ wọ̀, wọ́n á gbé apẹ̀rẹ̀ oníkálukú sórí ìwọ̀n. Ẹni tí tirẹ̀ bá fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò fi dí i. Ẹni tí tirẹ̀ bá sì wúwo jù, ìwọ̀n tuntun ni ó fi lélẹ̀ fún ara rẹ̀ láti ọ̀la lọ.

Mo ń wá irun dídì, n kò rí i, nítorí wọ́n ti fá a. Ohùn rẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ó ń kọrin pẹ̀lú àwọn yòókù, ó sì ń fi èdè wa bú ẹlẹ́ṣin náà nínú orin náà, ẹlẹ́ṣin ń mi orí sí i! Mo rẹ́rìn-ín sókè. Dàda gbójú sókè, ó rí mi, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dúró lórí òwú.

Nígbà tí wọ́n jókòó jẹ àgbàdo ọ̀sán lábẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù, mo rí ẹ̀yìn rẹ̀. N kò níí sọ ohun tí mo rí fún yín. Àwọn ọmọdé wà níbí.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wo ẹ̀yìn mi, ojú ni kí ẹ wò." Ó sọ fún mi pé òun kò ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Oko ìrẹsì létí òkun ni wọ́n kọ́kọ́ mú òun lọ. Níbẹ̀, wọ́n á pín ilẹ̀ tí oníkálukú yóò ro lóòjọ́ fún un. Bí ó bá parí rẹ̀, ìyókù oòrùn di tirẹ̀. "Mo gbin ilá! Mo sin adìẹ mẹ́fà! Ẹlòmíràn níbẹ̀ lè lo oṣù kan kí ó tó rí òyìnbó. Lóòótọ́, omi máa ń mù wá dé orókún, ibà sì ń pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ bí eṣinṣin, ṣùgbọ́n mo ní ilá tèmi. Nígbà tó yá, ẹni tí ó ni wá kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ pín wa bí iṣu. Ẹni tí mo bọ́ sí lọ́wọ́ ni ó mú mi wá síbí."

"Ìyá ní kí n béèrè ẹni tó ń gbọ́ ohun tí ò ń sọ lójú oorun."

Dàda rẹ́rìn-ín. "Késà tí a jọ ń sùn ni. Ibí ni wọ́n bí i, kò gbọ́ èdè wa. Ó ní ó dà bí ìgbà tí omi ń ṣàn lórí òkúta. Ó ní bí n kò bá sọ̀rọ̀, òun kì í rí oorun sùn."

Mo yọ ìyẹ́ náà. Mo sọ ohun tí ó lè ṣe. Dàda gbà á lọ́wọ́ mi, ó dì í mọ́ àyà, ó ní, "Ẹ gbé mi lọ. Ẹ gbé mi lọ, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí oòrùn yìí wọ̀ bá mi." Mo bẹ̀rẹ̀ kí ó lè gùn mí lẹ́yìn. Ó ti gbé apá lé mi léjìká nígbà tí ó ní, "Ẹ tíì rí Ẹfúntádé?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, irọ́ dé ẹnu mi. Èmi tí n kò sá fún erin rí, ìbéèrè yẹn dẹ́rù bà mí. Dàda ni mo fẹ́ gbé lọ. Bí mo bá wí pé n kò rí i, a ó ti fò. Ṣùgbọ́n mo rántí àwọn tí wọ́n tò kọjá níwájú mi nísàlẹ̀ òkun, mo sì sọ òtítọ́.

Apá rẹ̀ kò kúrò ní èjìká mi. Ó ní, "Ọmọ ọdún mélòó ni ọmọ náà?"

"Mẹ́jọ."

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ní, "Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí wọ́n mú wa. Nígbà tí à ń rìn lọ sí etí òkun, ẹsẹ̀ mi wú. Wọ́n ní ẹni tí kò bá lè rìn, àwọn yóò fi sílẹ̀ fún ìkookò. Ẹfúntádé pọ̀n mí fún ọjọ́ méje. Ẹsẹ̀ rẹ̀ là, egungun ń hàn, kò sọ̀ mí kalẹ̀." Ó sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn mi. Ó fi ìyẹ́ náà sí mi lọ́wọ́, ó sì pa àtẹ́lẹwọ́ mi dé lé e lórí. "Ẹ lọ gbé ọmọ ẹni tí ó pọ̀n mí."

"Dàda, ìwọ ńkọ́?"

Ó na ojú sí apá gúúsù, níbi tí igi dúdú ti hàn lókèèrè. "Irà kan wà lọ́hùn-ún. Wọ́n ní àwọn ènìyàn wa kan ń gbé inú rẹ̀ tí ajá wọn kò lè gbóòórùn. Èmi àti Késà ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Ẹ má sunkún. Mo ti di ìyẹ́ náà mú rí, ẹsẹ̀ mi ti fúyẹ́."

Agogo dún, ó sì dìde lọ sínú òwú. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ó dé irà náà.

Ọjọ́ kẹjọ ni mo padà dé ẹ̀yìnkùlé ilé funfun. Ẹfúntádé wo ojú mi, ó mọ̀. Kò bi mí ní nǹkan kan nípa Dàda ju pé, "Ó sọ pé kí ẹ gbé e?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kúnlẹ̀, ó kọjú sí ìhà tí oko òwú wà, ó forí kan ilẹ̀, ó kí àbúrò rẹ̀ bí ẹni kí ọba.

Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi pọn Rẹ̀mílẹ́kún mọ́ mi lẹ́yìn. Ọmọ náà kò sunkún. Ó di etí ìyá rẹ̀ mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀. Ìyá ń tú ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ọ̀rọ̀ sí i létí tí èmi pẹ̀lú ewé iwin lábẹ́ ahọ́n mi kò gbọ́. Ìgbà náà ni wọ́n fa agogo nínú ilé. Ẹfúntádé dìde. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì fi ohùn ẹ̀rín dáhùn, ohùn tí ó dán tí ó sì dùn bí oyin, "Mò ń bọ̀, mà!" Kò wẹ̀yìn. Mo ti gbọ́ kí kìnnìún bú ramúramù lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, kò sí èyí tí ó gbọ̀n mí bí ohùn ẹ̀rín yẹn.

Mo ju ìyẹ́ sókè. Ìyẹ́ di ìyẹ́ apá, apá di ẹyẹ, òkun kọjá lábẹ́ wa bí aṣọ tí a ń ká, a sì sọ̀ ní Òkè-Ìsín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà.

Mo ròyìn fún ìyá wa. Kò jẹ́ kí n pa ìròyìn pọ̀. Mo fẹ́ fi ti Ògúndìran mọ sórí bàtà, ṣùgbọ́n ó ní kí n parí rẹ̀, ó sì sunkún ti Ògúndìran tán kí ó tó ní kí n bẹ̀rẹ̀ ti Ẹfúntádé. Nígbà tí mo sọ ti Dàda, ti orin èébú rẹ̀, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ó wó lulẹ̀. Ibẹ̀ ni àlọ́ iwin ti yé mi: ènìyàn ni, okùn kan náà ni a fi dì wọ́n, igbe wọn kò sì jẹ́ ọ̀kan. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó fa ọmọ náà mọ́ra, ó ń fọwọ́ tọ́ ojú rẹ̀ bí afọ́jú. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọ́ èdè ẹnìkejì.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí àkùkọ tó kọ, mo jí, mo bá Rẹ̀mílẹ́kún ní ìdúró ṣánṣán lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ọwọ́ rẹ̀ ká sí ẹ̀yìn, orí rẹ̀ tẹ̀. Ó ń dúró de ẹni tí yóò pè é síṣẹ́. Ìyá wa rí i láti orí ẹní. Ó ní, "Ọmọ mi, padà wá sùn." Kò yé e. Ìyá wa dìde, òun tí ó ti tó oṣù mẹ́ta tí kò lè dìde láìsí ẹni tí ó fà á, ó lọ mú un lọ́wọ́, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó sì sùn tì í. Ọmọ náà la ojú sílẹ̀ kalẹ̀, ó ń retí agogo. Ilẹ̀ mọ́. Oòrùn wọlé dé ẹsẹ̀ ẹní. Nígbà tí kò sí ẹni tí ó pè é, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé díẹ̀díẹ̀.

Ó sùn títí oòrùn fi dé àárín ọ̀run. Ìyá wa jókòó lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, àwọn obìnrin ilé kò gún iyán, àwọn ọmọdé kò ṣeré nítòsí, èmi Ọdẹ́yalé tí ń dẹ́rù ba ẹfọ̀n, ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ni mo fi kọjá lójúde ara mi lọ́jọ́ náà, kí n má baà jí ọmọ tí ó ń sùn.